Etí fèrèsé tó gún régé: bí a ṣe ń kun ọ̀dà yí férémù ká láìta sí i

Àárín ògiri kọ́ ni a ti ń mọ akunlé. Ẹnikẹ́ni tó bá lè ti rólà sókè sódò lè kun àárín ògiri. Etí fèrèsé àti etí ilẹ̀kùn ni ẹjọ́ wà, níbi tí àwọ̀ ògiri ti ń pàdé férémù. Bí ilà ibẹ̀ bá ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tí ọ̀dà sì ta sára alumíníọ́ọ̀mù, òun ni àlejò tó jókòó sí pálọ̀ yóò kọ́kọ́ rí, bó ti wù kí ọ̀dà náà wọ́n tó.

Ọ̀pọ̀ rò pé téépù ló ń mú ilà gún. Téépù ń ranni lọ́wọ́ ni. Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an ni bí àlàfo tó wà láàárín ògiri àti férémù bá ṣe dí sí, àti èwo nínú ọ̀dà méjèèjì, ti ògiri tàbí ti férémù, ni ẹ kọ́kọ́ kùn. Ẹni tó bá mú ìyẹn tọ́, búrọ́ọ̀ṣì lásán ti tó o.

Ẹ wo ojú ọjọ́ kí ẹ tó ra ọ̀dà

Nílẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kábà dé Ìsánlú, láti Ìyàmoyè dé Ẹ̀gbẹ̀, oṣù Kejìlá ni gbogbo ènìyàn ń sáré kun ilé, torí àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó, Àbújá àti Kàdúná ń bọ̀ wálé fún Kérésì. Ìdí rẹ̀ yé mi, ṣùgbọ́n àsìkò yẹn gan-an ni ọyẹ́ ń fẹ́, tí eruku pupa ojú títì ń wọ gbogbo ihò. Ẹmọ́ṣọ̀n, ìyẹn ọ̀dà olómi tí a fi ń kun ògiri, kì í jẹ̀bi púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó máa ń gbẹ láàárín wákàtí kan sí méjì. Gúlọ́ọ̀sì ni wàhálà. Ọ̀dà elépo ni, òun la fi ń kun férémù onígi àti ilẹ̀kùn onírin, ojú rẹ̀ sì lè wà ní tútù fún wákàtí 4 sí 6. Gbogbo eruku tó bá bà lé e láàárín ìgbà yẹn, ibẹ̀ ni yóò gbé.

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ ṣe iṣẹ́ yìí láti ìparí oṣù Kẹwàá sí àárín oṣù Kọkànlá. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà, ọyẹ́ ò sì tíì dé tán. Bí Kejìlá bá ká yín mọ́, ẹ gbá ilẹ̀ yàrá lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ wọ́n omi sí ilẹ̀ ìta lẹ́bàá fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó ṣí gúlọ́ọ̀sì, kí ẹ sì ti fèrèsé ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Ẹ fi ìhà kejì sílẹ̀ ní ṣíṣí, torí òórùn gúlọ́ọ̀sì nínú yàrá tó tì pa kì í ṣe ohun eré.

Ní àsìkò òjò, ẹ fi ọwọ́ kan abẹ́ fèrèsé. Bí ó bá tutù, omi ń gba etí férémù wọlé nìyẹn, kò sì sí ọ̀dà tí yóò dúró níbẹ̀. Ẹ wá ibi tí omi ti ń wọlé ná. Ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, ẹ jẹ́ kí simẹ́ńtì rẹ̀ gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán.

Ohun tí ẹ máa nílò

Kò pọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì oníínṣì 2 tí irun rẹ̀ kún, tí ètè rẹ̀ sì mú, ni olórí. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n gé ètè rẹ̀ ní dídà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìyẹn ló dára jù fún igun. Ẹ má ra búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ jù lọ lówó lórí àtẹ. Irun rẹ̀ máa ń já sínú ọ̀dà, ẹ ó sì máa ṣa irun lára ògiri bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ẹ wá sáńpépà nọ́ńbà 120 àti 180, pọ́tì tàbí sìkíríìdì díẹ̀, ọ̀bẹ ìfi-pọ́tì, gọ́mù àkírílíìkì tí a ń fi ìbọn ìfún-gọ́mù fún sí àlàfo, téépù oníwèé, abẹ fẹ́lẹ́ tuntun, àkísà tó mọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àti ike kékeré tó ní ọwọ́ tí ẹ ó bu ọ̀dà sí. Ẹ má gbé rọ́bà 20 lítà gun àkàbà. Ẹ wá tọ́ọ̀ṣì kan mọ́ ọn, ẹ ó rí ìwúlò rẹ̀ láìpẹ́.

Irú férémù wo ló wà nílé yín?

Férémù alumíníọ́ọ̀mù: a kì í kùn ún. Ògiri nìkan ni ẹ ń kùn, iṣẹ́ yín ò ju kí ọ̀dà dúró níbi tó yẹ kó dúró. Ẹ fi omi ọṣẹ nù ún, kí ẹ sì yọ nẹ́ẹ̀tì bí ó bá ṣeé yọ, nítorí ọ̀dà tó bá ta sí nẹ́ẹ̀tì ti di ti nẹ́ẹ̀tì.

Férémù onígi, tó pọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ àti ní ẹnu ilẹ̀kùn yàrá: ẹ kọ́kọ́ fi orí ọ̀bẹ gún ìsàlẹ̀ rẹ̀ lápá méjèèjì, níbi tó ti kan ilẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá wọlé wọ̀ọ̀, ikán ti jẹ ẹ́. Ẹ pe káfíńtà, ẹ má fi ọ̀dà bo ikán mọ́lẹ̀. Bí káfíńtà bá ti fi oògùn ikán dúdú ra igi náà, ẹ mọ̀ pé oògùn yẹn máa ń là jáde bí àbàwọ́n lára ọ̀dà funfun, pàápàá bí kò bá tíì gbẹ dáadáa. Ẹ jẹ́ kó gbẹ tán, kí ẹ sì fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí kì í jẹ́ kí àbàwọ́n là jáde dí i kí ẹ tó kun funfun lé e.

Igi tó ti ní gúlọ́ọ̀sì àtijọ́ lára, ẹ fi sáńpépà pa dídán rẹ̀ kí tuntun lè rí ibi dì mú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ọ̀dà elépo ayé àtijọ́ lè ní òjé nínú, eruku rẹ̀ sì léwu fún ọmọdé àti aláboyún. Ẹ ri sáńpépà sómi kí ẹ tó fi ha á, kó má baà sí eruku. Ẹ gbá ohun tó bá já bọ́ sínú ọ̀rá, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan wà nítòsí.

Férémù onírin: ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà rẹ̀ dé ibi tí irin ti ń dán, ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà kùn ún, èyí pupa tí àwọn wẹ́dà ń lò, kí ẹ tó kun gúlọ́ọ̀sì. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ ha á, kí ẹ sì kùn ún. Irin tí a ha tí a fi sílẹ̀ dọ̀la yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà, àgàgà nígbà òjò.

Àlàfo ni gbogbo ọ̀rọ̀

Ẹ sún mọ́ férémù kan báyìí, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá, kó má kọjú sí ògiri gan-an. Ẹ ó rí ohun tí ojú lásán kì í rí: níbi tí bíríkìlà ti fi simẹ́ńtì dí etí férémù lẹ́yìn tí wọ́n gbé fèrèsé sí i, yanrìn ń yọrí wóróbo-wóróbo, ihò wà níhìn-ín, òkìtì wà lọ́hùn-ún, ilà tó là bí irun orí sì gba gbogbo gígùn rẹ̀. Orí irú ètí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ tó balẹ̀ jù lọ ò lè fa ilà tó gún. Bí irun búrọ́ọ̀ṣì bá ti kan yanrìn, yóò fò. Bí ó bá dé ihò, ọ̀dà yóò ṣàn wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ akunlé tí a ń bú pé ọwọ́ rẹ̀ ò dúró, ẹjọ́ bíríkìlà ló ń rò.

Nítorí náà, ẹ wé sáńpépà 120 mọ́ igi pẹlẹbẹ kékeré kan, kí ẹ fi fá ẹ̀gbẹ́ férémù yíká, bíi ínṣì méjì sórí ògiri. Igi yẹn ṣe pàtàkì. Bí ó bá jẹ́ ìka ọwọ́ lásán ni ẹ fi tì í, sáńpépà yóò máa wọ ihò, yóò sì máa gun òkìtì, kò ní tẹ́jú. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọ̀bẹ fi pọ́tì dí ihò tó bá tó imú ìka. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi 180 pa á, ẹ fi àkísà tútù nu eruku rẹ̀ kúrò. Eruku tí a kò nù ni kì í jẹ́ kí ọ̀dà àti téépù dì mọ́ ògiri.

Ilà tó là bí irun, tó wà láàárín ògiri àti férémù gan-an, pọ́tì kì í bá a lò pẹ́. Igi máa ń fẹ̀ nígbà òjò, ó máa ń súnkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pọ́tì tó bá wà láàárín yóò sì là kí ọdún tó yí po. Gọ́mù àkírílíìkì ló yẹ ibẹ̀, torí ó lè fà. Ẹ gé ẹnu rẹ̀ kékeré, kó má ju imú bírò lọ, ẹ fún un ní ẹ̀ẹ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ wá fi ìka tó tutù fà á kọjá lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ẹ bá ń fà á léraléra, ẹ ó kàn fi ọ̀rá ìka yín ba igun náà jẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kó gbẹ bí ara ike rẹ̀ ṣe wí.

Ẹ ṣọ́ra fún sílíkóònù. Àwọn tó ń gbé fèrèsé alumíníọ́ọ̀mù sí ara ilé fẹ́ràn rẹ̀, ó sì dára láti dènà omi, ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í dì mọ́ ọn: yóò ká kúrò lórí rẹ̀ bí omi lórí ewé kókò. Bí sílíkóònù wọn bá ti ta sórí ògiri, ẹ fi abẹ gé èyí tó wà lórí ògiri kúrò, kí ẹ sì kun ọ̀dà dé etí èyí tó kù. Ẹ má gbìyànjú láti fi ọ̀dà bò ó.

Èwo la ń kọ́kọ́ kùn?

Àwọn akunlé ń jiyàn lórí èyí. Èmi wà lẹ́yìn àwọn tó ń kun férémù ṣáájú, kí wọ́n tó kun ògiri, ìdí mi sì rọrùn. Bí ẹmọ́ṣọ̀n bá ta sórí gúlọ́ọ̀sì tó ti gbẹ, àkísà tútù nù ún kúrò lójú ẹsẹ̀. Bí gúlọ́ọ̀sì bá ta sórí ẹmọ́ṣọ̀n, kò sí àkísà tó lè gbà yín. Àfi kí ẹ tún ògiri kùn.

Nítorí náà, lẹ́yìn òkè àjà, ẹ kun férémù onígi tàbí onírin ní gúlọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi wákàtí 16 sí 24 sáàárín. Ẹ jẹ́ kí gúlọ́ọ̀sì náà ré kọjá díẹ̀ sórí ògiri, bíi mìlímítà méjì. Ẹ má ṣe ìlàkàkà nípa ilà nígbà yìí. Ògiri ni yóò wá gé e. Ẹ fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ kó le dáadáa kí ẹ tó lẹ téépù mọ́ ọn tàbí kí ẹ fi àkísà nù ún.

Kí ẹ tó fi gúlọ́ọ̀sì kan ilẹ̀kùn, ẹ yọ háńdù àti gbogbo irin tó bá ṣeé yọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò gbà. Ilẹ̀kùn tí ọ̀dà yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ká pọ̀ ní ìlú wa ju bó ti yẹ lọ.

Téépù, fún ẹni tó fẹ́ lò ó

Ẹ kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú ibi tí ẹ fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí ìyẹ̀fun funfun bá bá ọwọ́ yín jáde, ọ̀dà ibẹ̀ ti kú, téépù yóò sì hú u kúrò nígbà tí ẹ bá ń ṣí i. Orí férémù ni kí téépù wà ní tiwa yìí, kì í ṣe orí ògiri.

Ẹ lẹ̀ ẹ́ ní gígùn, ẹ má gé e kélekèle. Ẹ fi etí rẹ̀ sí gẹ́gẹ́ ibi tí ẹ fẹ́ kí ọ̀dà dúró, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ìfi-pọ́tì tàbí èékánná tẹ etí náà mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí ẹ kò bá tẹ̀ ni ọ̀dà yóò gbà wọ abẹ́ rẹ̀. Lórí férémù tí ẹ fúnra yín kùn, ọgbọ́n kan wà: ẹ fi díẹ̀ nínú ọ̀dà férémù náà ra etí téépù fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bí ohunkóhun yóò bá yọ́ wọ abẹ́ téépù, àwọ̀ kan náà ni. Lórí alumíníọ́ọ̀mù, ẹ jẹ́ kí ọ̀dà àkọ́kọ́ tí ẹ fi kan etí téépù fẹ́lẹ́, kí búrọ́ọ̀ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

Ẹ ṣí téépù nígbà tí ọ̀dà ìkẹyìn ṣì tutù díẹ̀, kí ẹ ká a padà sórí ara rẹ̀ ní dídà, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ máa fà á kúrò lọ́dọ̀ ọ̀dà tútù. Bí ó bá ti gbẹ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ fi abẹ fẹ́lẹ́ fa ilà gba etí rẹ̀ kọjá kí ẹ tó ṣí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò fa awọ ọ̀dà lọ. Ẹ má sì fi téépù sílẹ̀ sùn lára fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń pa. Gọ́mù rẹ̀ yóò yọ́ mọ́ férémù, ẹ ó wá máa fi kẹrosíìnì nù ún.

Bí a ṣe ń fi ọwọ́ lásán gé ilà

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, ó sì yá ju téépù lọ fún ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n. Ẹ bu ẹmọ́ṣọ̀n sínú ike dé bíi ínṣì méjì péré. Bí ó bá ki jù, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ọ̀dà tó bá ki máa ń fa búrọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn, èyí tó bá ṣàn jù sì máa ń sún kúrò lójú ilà.

Ẹ ti búrọ́ọ̀ṣì wọ ọ̀dà dé ìdá kan nínú mẹ́ta irun rẹ̀, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fi í gbá inú ike lápá ọ̀tún àti òsì kí ẹ̀kán má baà sí. Ẹ má fi í nu ẹnu ike bí a ṣe sábà máa ń ṣe: ẹ ó ti fọ́n ọ̀dà ẹ̀gbẹ́ kan dànù, ẹ̀gbẹ́ kejì á sì wúwo.

Ẹ dì í mú ní ọrùn bí ẹni di kálàmù mú, kí ìka kékeré yín fara ti ògiri tàbí férémù bí òpó. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lórí ilà. Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì lé ọ̀dà sórí ògiri ní bíi sẹ̀ntímítà kan sí férémù, láti òkè wá sísàlẹ̀, ní gígùn bí ìgúnpá sí ọwọ́. Ìyẹn ti gbé ọ̀dà tó pọ̀ jù kúrò lórí irun. Nísinsìnyí, láìtún bu ọ̀dà, ẹ padà sókè, ẹ tẹ búrọ́ọ̀ṣì díẹ̀ kí irun rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, kí ẹ máa ti ọ̀dà tó wà lórí ògiri náà lọ sí etí férémù. Ẹ ó rí i tí ìlà ọ̀dà tútù kékeré kan ń ṣáájú irun. Òun ni kó fẹnu kan férémù, kì í ṣe irun. Ojú yín, ẹ gbé e sí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ń lọ, ẹ má wo ibi tó wà. Ẹ fà á lọ láìdúró. Ibi tí ẹ bá ti dúró ronú ni yóò wú.

Bí ẹ bá dé òpin, ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì kúrò ní pẹ̀lẹ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn ní ìsàlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì fà á padà sókè wọnú èyí tó ṣì tutù. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ojú ìpàdé wọn ò ní hàn. Igun òkè, lábẹ́ àtẹ́rígbà, ló le jù: ẹ ti búrọ́ọ̀ṣì wọ igun náà ní dídúró, kí ẹ fà á jáde síta, ẹ má fà á wọlé, torí ọ̀dà á gbá jọ síbẹ̀.

Ẹ gun àkàbà tó fi jẹ́ pé ojú yín àti ilà wà ní ìpele kan náà. Ẹni tó bá ń na ọwọ́ lé orí, ọwọ́ rẹ̀ kò lè dúró.

Kí rólà tó dé

Fèrèsé kan tán, ẹ fi rólà kun ògiri tó yí i ká kíákíá, kí ètí tí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn tó gbẹ. Bí ẹ bá kọ́kọ́ kun etí gbogbo fèrèsé ilé tán kí ẹ tó gbé rólà, àwọ̀ etí àti ti àárín kò ní bára mu, òjìji bí férémù àwòrán yóò yí fèrèsé kọ̀ọ̀kan ká. Nígbà ọyẹ́ ó tún burú jù, torí ọ̀dà ń gbẹ bí ẹní ń sá a sóòrùn. Ẹ jẹ́ kí rólà sún mọ́ férémù tó bí ẹ bá lè ṣe é láìta. Ẹ dúró fún wákàtí mẹ́rin, kí ẹ tún un kùn lẹ́ẹ̀kejì, etí àti àárín pa pọ̀.

Fèrèsé tó kọjú síwọ̀-oòrùn, àárọ̀ ni kí ẹ kùn ún.

Inú ihò fèrèsé, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ ògiri tó wọlé sínú láti ojú ògiri dé férémù, ẹ pinnu ṣáájú bóyá àwọ̀ ògiri ni yóò jẹ́ tàbí funfun. Funfun ń mú yàrá mọ́lẹ̀ sí i, àmọ́ ilà kejì ni ẹ ti fi kún iṣẹ́ yín, lórí etí igun gan-an, èyí tó ṣòro ju ti férémù lọ. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, kí àwọ̀ ògiri wọlé dé férémù.

Bí ó bá ta

Ẹ fi àkísà tútù tí ẹ ti fún dáadáa wé orí ọ̀bẹ ìfi-pọ́tì, kí ẹ fi etí rẹ̀ gba orí férémù kọjá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ yí àkísà sí ibi tó mọ́ kí ẹ tó tún ṣe é. Bí ó bá ti gbẹ lórí alumíníọ́ọ̀mù, omi gbígbóná àti èékánná sábà máa ń tó. Ẹ má gbé abẹ sí ojú alumíníọ́ọ̀mù, yóò ha á. Lórí gíláàsì, abẹ ò burú bí ẹ bá ti fi omi ọṣẹ rẹ́ ẹ, tí ẹ sì dì í ní dídùbúlẹ̀.

Ní ìta, lórí ògiri tó ní ọ̀dà olóyanrìn gbàgàgbàgà, ẹ gbàgbé téépù, kò ní dì mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ fi àwọ̀ mìíràn gba etí fèrèsé lóde bí ọ̀pọ̀ ilé ti ń ṣe, ẹ fi okùn tó ní ẹfun lára ta ilà, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì oníínṣì 1 gún ọ̀dà wọ ihò ògiri náà lẹ́bàá ilà kí ẹ tó fà á.

Búrọ́ọ̀ṣì ẹmọ́ṣọ̀n, omi àti ọṣẹ ni a fi ń fọ̀ ọ́. Ti gúlọ́ọ̀sì, kẹrosíìnì ni kí ẹ lò, ẹ má lo pẹtiróòlù torí pé ó wà nítòsí nínú jẹ́nẹ́rétọ̀. Iná ò ju pé kí ẹnìkan dáná nítòsí lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá kun gúlọ́ọ̀sì àti láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn tí ẹ kùn díẹ̀, kí ẹ tún tì í, kí gúlọ́ọ̀sì má baà lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹ bu ìyókù ọ̀dà ògiri sínú ìgò tó ní ìdérí, ẹ kọ orúkọ àwọ̀, nọ́ńbà rẹ̀ àti yàrá tó wà fún sára ìgò náà, kí ẹ gbé e sí ibi tí oòrùn ò dé.